Ẹ má pe àìsàn ní àjẹ́ o

Ìpéǹpéjú èèyàn á kàn ṣàdédé wálẹ̀, á wá di pé ó ń rí nǹkan kan ní méjì. Láàárọ̀, ara ẹ̀ á yá. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, kò ní í lè jẹ ẹran, ohùn ẹ̀ á máa gba imú jáde. N'Ílọrin, láti Ìpàta dé Ọjà-Ọba, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mí-ìn á ní ọ̀lẹ ni. Ẹ gbọ́ o, àìsàn ni. Myasthenia gravis lorúkọ ẹ̀. Òun náà ló ṣe Amitabh Bachchan, gbajúmọ̀ òṣèré Íńdíà, lẹ́yìn tó fara pa nídìí fíìmù Coolie ní 1982.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Téèyàn bá fẹ́ gbọ́wọ́ sókè, okùn tó ń gbéṣẹ́ ọpọlọ wá á da oje kan sílẹ̀, oje yẹn á kan ilẹ̀kùn lára iṣan, iṣan á sì mira. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, á ṣìlé mọ̀, wọ́n á dí ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á tún máa fọ́ ọ. Ní 1973, Patrick àti Lindstrom l'Ámẹ́ríkà yọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lára ẹja kan tó ń gbọn èèyàn bí òjìjí, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ehoro. Sọ́jà ara ehoro bá a jà, ló bá kọjú sí iṣan ehoro fúnra ẹ̀, ni gbogbo ara ehoro bá rọ.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti oògùn ẹ̀. Lágbègbè Calabar, èso esere ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Inú èso yẹn náà ni wọ́n ti rí physostigmine, tí Dókítà Mary Walker gún fún obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1934, tí ìpéǹpéjú ẹ̀ sì gbéra. Ohun tí wọ́n fi ń wá àjẹ́ ló wá di ìwòsàn àìsàn táwọn kan ń pè ní iṣẹ́ àjẹ́! Pyridostigmine ni wọ́n sábà máa ń lò báyìí.

Àìsàn náà kì í ranni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in ò gbọdọ̀ dá oògùn rà ní kẹ́míìsì: kuníìnì, kolorokúìnì, cipro àti gentamicin lè dá a wó. Bí ìpéǹpéjú bá ń wálẹ̀, ẹ lọ rí dókítà ní UITH, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Bí èémí tàbí ìtọ́ gbígbé bá ti wá ń ṣòro, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́ o.