Ẹ Lé Àwọn Ọmọ Kúrò Kí Ẹ Tó Fa Ọkọ̀ Náà

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí omi bo títì àti gọ́tà pọ̀, ohun tí yóò tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀. Jíìpù tàbí dánfó kan yóò ki táyà bọ gọ́tà tí kò ní ìdérí, tàbí kí ó rì sínú ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n gbẹ́ títì sílẹ̀ sí. Kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, èrò ti pé. Ẹnì kan yóò mú okùn wá, ẹlòmíràn yóò mú ẹ̀wọ̀n wá. Bí ọkọ̀ tó ní wíǹṣì bá wà nítòsí, wọn yóò tú wáyà rẹ̀, wọn yóò sì fi kọ́ ibikíbi tí ọwọ́ bá tó lára ọkọ̀ tó rì. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọdé yóò sún mọ́ ọn láti wòran, tí àwọn àgbà yóò dúró tì wọ́n, tí wọn yóò máa pariwo pé kí awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn.

Ìwà yìí gbọ́dọ̀ dópin. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ní Ẹnu-Ọ̀wá àti agbègbè rẹ̀, àgbà ń wò, ọmọ sì ń dúró síbi tí wáyà yóò gbà bí ó bá já.

Okùn ni ewu tó wà níbẹ̀, ju ọkọ̀ lọ. Wáyà irin tí ẹ̀rọ ń fà, tí ọkọ̀ kò sì tíì mira, ń kó agbára jọ sínú ara rẹ̀ bí ọsán ọrun tí ọdẹ fà sẹ́yìn. Bí ó bá já, tàbí bí ibi tí wọ́n kọ́ ọ mọ́ bá ya, gbogbo agbára náà yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà yóò fò padà bí ẹgba, ìkọ́ irin ẹnu rẹ̀ yóò sì fò bí ọta ìbọn. Ó lè gé ẹsẹ̀. Ó lè pa ènìyàn. Awakọ̀ tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní Ọsirélíà, àwọn ènìyàn ti kú nítorí pé wọ́n kọ́ okùn mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà lẹ́yìn ọkọ̀, tí bọ́ọ̀lù náà sì ya kúrò. Òfin orílẹ̀-èdè náà sọ ọ́ di dandan pé kí ìkìlọ̀ wà lára okùn tí wọ́n ń tà fún yíyọ ọkọ̀: kí òǹwòran jìnnà tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gígùn okùn náà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà.

Kí òǹkàwé fi ìṣirò yẹn wo Ìsàlẹ̀ Èkó. Okùn tó gùn ní mítà 9 ń béèrè mítà 13 àti ààbọ̀. Ojúlé mélòó ni yóò bọ́ sí àárín rẹ̀? Ilé fara ti ilé, ẹnu ọ̀nà kọjú sí títì, ìyá oníṣòwò pàtẹ sí etí gọ́tà. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ gan-an wà nínú ewu. Inú igbó àti inú oko, níbi tí igi pọ̀ tí ènìyàn kò sì sí, ni wíǹṣì iwájú jíìpù ti bá ayé mu. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó láàárín ilé gbọ́dọ̀ bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà ti dí, ọjà kò tà, àti pé àwọn ọmọ àdúgbò tó ń fa ọkọ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Àwáwí ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́ okùn mọ́ bọ́ńpà, nítorí rọ́bà ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ìkọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ dè mọ́ ṣáàsì ló ń wá. Kì í ká wáyà yípo nǹkan kó tún fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ wáyà náà fúnra rẹ̀. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, nítorí fọ́nrán irin tó ti ṣẹ́ lára wáyà a máa ya ọwọ́. Ó ń fi aṣọ tó wúwo kọ́ àárín wáyà, kí ó lè fà á wálẹ̀ bí ó bá já. Kì í tú wáyà tán pátápátá lára róòlù, ó kéré tán yóò ku ìká márùn-ún. Kì í dá wáyà tó ti le kọjá. Ìlànà sì ni pé kí agbára wíǹṣì tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀: jíìpù tọ́ọ̀nù 3 ń fẹ́ wíǹṣì tọ́ọ̀nù 4 àti ààbọ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń pariwo “Fà á!” ló mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń fà?

Wọ́n tún máa ń gbàgbé ṣọ́bìrì. Ẹrẹ̀ tó di táyà mú ló ń mú kí wáyà le jù. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà, tí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí wọ́n sì ki pákó sábẹ́ táyà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni yóò jáde láìlo wíǹṣì rárá. Iṣẹ́ náà kò dùn-ún wò, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wù wọ́n.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í gbọ́ràn. Ẹnu-Ọ̀wá ni ètò ìwúyè ọba Èkó ti ń wáyé. Ilẹ̀ tó mọ èèwọ̀ ni. Bí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ bá pé, olówó àti tálákà yóò bọ́ bàtà, obìnrin kò ní dirun ṣùkú, amusìgá yóò pa sìgá rẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pámbàtà kì í wojú ẹnikẹ́ni. Àdúgbò tó ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ kò lè sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ jù láti jìnnà sí wáyà. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Láti ọdún 2000 ni LASTMA ti wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kí ọ̀nà má dí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà tètè ṣí kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀mí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó ń gbowó fún fífa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dání tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó lé èrò sẹ́yìn lọ, tí ó sì láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ẹyọ ọmọ kan bá wọlé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ bo gọ́tà, nítorí gọ́tà tó lanu sílẹ̀ ló bí wàhálà yìí.

Àwọn baálé ilé ní tiwọn kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní òjò tó ń bọ̀ yìí, bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń tú wáyà, kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n ní kí oníṣòwò kúrò nídìí àtẹ, kí wọ́n sì sọ fún onítòwín pé kò ní fa ohunkóhun títí ojú ọ̀nà yóò fi dá.