Ìpàkọ́ Onípàkọ́ ní Queens Road

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Mi ò ní fi ìtumọ̀ òwe yìí dá yín dúró; ọmọdé tó bá ti jókòó síwájú onídìrí rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ ilé wa káàkiri Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù láìsí iná bíréèkì kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, tí àgbàlagbà kankan ò sì sọ fún mi.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ń tẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta léraléra, láti Rye Lane títí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road, ọkọ̀ àwọn ará ìjọ ló ń tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Nígbà tí àṣírí tú, mo bi àbúrò kan léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i o. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Mo mọ̀ ni kẹ̀! Ṣé ojú wà ní ìpàkọ́ mi ni?

Ní Èkó tí a ti wá, bí etí agbádá rẹ bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kọndọ́ tí o kò mọ̀ rí á yọrí láti inú dánfó, á pariwo títí wàá fi gbọ́. Bó bá bú ọ mọ́ ọn, o ṣáà ti gbọ́. Ṣùgbọ́n níbí, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Èkó kékeré, a ti kọ́ "kò kàn mí". Ìwà burúkú ni, n kò ní fi ẹnu méjì sọ ọ́. Ẹni tó rí ìpàkọ́ ọmọnìkejì tí kò wí ti jẹ̀bi.

Àwọn kan á ní ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, pé òfin gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí òfin máa sọ. Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì níwájú, ṣé èmi náà ni n ó tún lọ dúró lẹ́yìn? Àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ọkọ̀ mi sì ti yege tiẹ̀ kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Láti 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 tí wọ́n ti ń to àléébù ọkọ̀ sí ìpele-ìpele, bí gbogbo iná bíréèkì bá kú, ìpele ewu ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kò sì sí èyí tó ga jù ú lọ. Inú ewu yẹn ni mo ń kó ọmọ mẹ́ta sí láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní a kì í sáré ní Peckham, ẹ gbọ́: ìwé Highway Code ní ọkọ̀ tó ń rin máìlì 20 ní wákàtí kan á lo mítà 12 kó tó dúró. Mítà 6 nínú rẹ̀ á ti lọ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí awakọ̀ ṣì ń ronú. Iná pupa tiwa ló ń sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé kó bẹ̀rẹ̀ ìrònú.

Ọmọ mi obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kígbe láti ẹ̀yìn ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: "Dádì, iná yín ò tàn o!" Mo ra gílóòbù tuntun, mo fi sí i, kò tàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pààrọ̀ gbogbo iná ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Owó ń jò ó lọ́wọ́ ni.

Bàbá rìwáyà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ afárá rélùwéè ni mo gbé e lọ bá. Kò fọwọ́ kan gílóòbù rárá. Ó ní, "Iná mẹ́ta kì í dédé kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ti pàdé la ó wò." Ó yẹ fíùsì wò, ó dára. Ló bá bi mí pé, "Ṣé jíà yín kì í ṣagídí lórí P láàárọ̀?" Ẹnu mi wọhò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò lè yọ jíà kúrò lórí P àfi tí mo bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òtútù ni mo dá lẹ́bi. Ṣé ẹ rí i, súìṣì kékeré kan wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì. Òun ló ń sọ fún iná pé kó tàn. Nínú ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń wọlé fúnra rẹ̀ bíi tèmi, òun náà ló ń sọ fún jíà pé ó lè kúrò lórí P. Bàbá yí i jáde, ó fi tuntun sí i. Owó súìṣì ò tó ogún pọ́n-ùn.

Òwe mìíràn ló bá mi wọlé lọ́jọ́ náà: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ọkọ̀ ti sọ àbọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọkùnrin kan ní Queens Road, nítòsí ibùdó rélùwéè, tó ṣẹ́ iná ńlá sí mi lẹ́yìn, tó sì fun fèrè títí. Mo sọ gíláàsì sílẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò lè tún sọ níbí. Mo rò pé ó ń kánjú ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú ti nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi rí, mo juwọ́ sí i pé ẹ ṣeun, mo kọjá lọ. Wọ́n wí, èmi ni mo dití. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣì jẹ̀bi ṣá o. Òun kò tilẹ̀ sọ àbọ̀.

Nísinsìnyí, ní gbogbo alẹ́ Sátidé, mo máa ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ti bíréèkì mọ́ ìjókòó, n ó sì lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wò ó. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá wà lẹ́yìn mi, bí ẹ bá rí i pé ó ṣókùnkùn, ẹ dákun, ẹ fun fèrè. Ọkùnrin Queens Road, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi.