Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni ó yẹ kí gbogbo wa máa rántí nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ń gba àtúnṣe tuntun, èyí tí a ń pè ní update, tí àtúnṣe náà bá forí ṣánpọ́n, tí ẹ̀rọ náà sì kọ̀ láti ṣí mọ́. Fún àwọn olùkọ́ wa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Inú rẹ̀ ni ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ọdún púpọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé àfi kí á fọ́mátì rẹ̀, èyí tí í ṣe pé kí á nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù. Àwa kò gbà pé èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́.

Kò sí ohun ìyanu nínú àìsàn náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba àtúnṣe, ó ń yọ àwọn fáìlì àtijọ́ kan kúrò, ó sì ń fi tuntun rọ́pò wọn. Bí iná mànàmáná bá lọ ní àárín iṣẹ́ yìí, tí bátìrì kò sì lágbára, tàbí bí àyè kò bá tó mọ́ nínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ náà yóò dúró sí ìdajì ọ̀nà, ẹ̀rọ kò sì ní mọ bí yóò ṣe jí. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ti wa, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé bátìrì rẹ̀ kún, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tí ń jí ẹ̀rọ nìkan ni ó bàjẹ́. Àwọn ìwé tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà, mìmì kan kò mì wọ́n.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tí ó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀rọ bí mílíọ̀nù 8.5 ni ó dákú káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra. Iṣẹ́ dojú rú ní ilé ìwòsàn àti ní báńkì. Wọ́n fa àtúnṣe náà padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún àwọn ẹ̀rọ tí ó ti gbà á. Báwo ni wọ́n ṣe jí wọn? Àwọn oníṣẹ́ lọ bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí wọn ní ipò Safe Mode, níbi tí ẹ̀rọ ti ń jí pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní, wọ́n yọ fáìlì kan ṣoṣo tí ó ní àṣìṣe kúrò, ẹ̀rọ sì jí. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bá lè rí irú ìtọ́jú onísùúrù bẹ́ẹ̀ gbà, kí ló dé tí olùkọ́ wa kò fi yẹ ní ohun tí ó rí gbà?

Lórí ẹ̀rọ tí ń lo Windows 10 tàbí 11, ọ̀nà náà kò ṣòro. Kí á kọ́kọ́ ní sùúrù, nítorí àtúnṣe ńlá lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dájú pé ẹ̀rọ ti dúró gbagidi, kí á yọ fíláàṣì àti ohun gbogbo tí a so mọ́ ọn, kí á sì fi ṣájà sí i. Kí á tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú, kí á tún tan án. Bí àmì àkọ́kọ́ bá yọ, kí á tún pa á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ náà yóò fúnra rẹ̀ ṣí ojú ewé ìtọ́jú. Níbẹ̀, kí á yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options. Startup Repair ni kí á kọ́kọ́ dán wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Uninstall Updates lè yọ àtúnṣe tí ó dá wàhálà sílẹ̀. Bí méjèèjì bá kùnà, oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ lè fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ náà, kí ó sì da àwọn ìwé inú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí á tó ronú kan Reset this PC, Keep my files sì ni kí á yàn níbẹ̀. Remove everything ni orí bíbẹ́ tí àwọn àgbà ń sọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni a fi BitLocker tì pa kí olè má baà ka ohun inú wọn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè béèrè nọ́ńbà gígùn tí ó ní òǹkà 48 kí ó tó gbà kí á tọ́jú òun. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà. Kí a wá a nísinsìnyí tí ara ẹ̀rọ yá, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí, àpótí náà ni yóò fọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ó sàn kí á má gba àtúnṣe kankan mọ́. Àwa kò bá wọn gbà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, WannaCry gba ihò yìí kan náà wọ inú àwọn ẹ̀rọ tí kò tíì gba àtúnṣe, ó ti ìwé wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Àtúnṣe kì í ṣe ọ̀tá wa. Àìmúrasílẹ̀ ni ọ̀tá.

Nítorí náà, a ké sí àwọn alátùn-únṣe pé kí wọ́n má ṣe fọ́mátì ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ gba ìwé inú rẹ̀ là, àti láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni í fọwọ́ sí i. A ké sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n rí i pé máàkì wà ní ẹ̀dà méjì, ó kéré tán, kí ọ̀kan má sì sí nínú ẹ̀rọ olùkọ́. A sì ń sọ fún àwọn tí a dìbò yàn, ti ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n jẹ́, pé ó rọrùn láti pín kọ̀ǹpútà níwájú ayàwòrán. Kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìtọ́jú rẹ̀ kún un, kí wọ́n sì pèsè oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà lọ́jà. Máàkì ọmọ tí ó jókòó ṣe ìdánwò kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni.