Ọmọ Ẹja Tí Ó Lera Ni Kí A Rà, Kì Í Ṣe Èyí Tí Ó Pọ́ọ́kú

Iṣẹ́ ẹja sínsìn ti gbilẹ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, iṣẹ́ oko sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé. Ní ọdún 1979, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, Ọ̀tà náà ni ó wá dá oko ńlá sí. Lónìí, òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ dá dúró, tísà tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti opó tí ó ń dá tọ́ ọmọ lè mọ adágún onísìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì máa sin ẹja àrọ̀. Owó tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń fi sí i kì í ṣe owó àfiṣeré. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ yan ọmọ ẹja tí ó lera, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ìdí kìíní ni ti ìṣirò. Ká ní ẹnì kan ra 1,000 ọmọ ẹja ní náírà 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ jẹ́ náírà 40,000. Bí 600 bá kú nínú wọn, 400 ni ó ṣẹ́kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti di náírà 100. Ká ní aládùúgbò rẹ̀ ra 1,000 tirẹ̀ ní náírà 60, tí 100 péré sì kú. Náírà 60,000 ni ó ná, 900 ni ó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bíi náírà 67 lọ. Ta ni ó ra ọjà pọ́ọ́kú nínú àwọn méjèèjì?

Ìdí kejì ni ti oúnjẹ. Nínú iṣẹ́ yìí, oúnjẹ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó. Ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ dá, tí a sì bọ́ dáadáa, lè tó kílò kan láàárín oṣù mẹ́fà. Èyí tí ó ti rán láti kékeré yóò jẹ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà. Omi inú apẹ̀rẹ̀ ni owó tí a ná lé e lórí.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọmọ ẹja tí ó lera? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí olùrà bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi àwọ̀n bu díẹ̀ sínú bàsíà omi mímọ́. Bí ó bá fi ìka kan omi, kí wọ́n tètè sá. Kí irùngbọ̀n ẹnu wọn, tí ó jẹ́ mẹ́jọ, pé. Kí ara wọn máa dán, láìsí egbò tàbí ohun funfun bí òwú. Èyí tí ikùn rẹ̀ wú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, tàbí tí ó dúró lóòró sójú omi láìlè wẹ̀, kò yẹ ní rírà. Kí wọ́n dọ́gba pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ó sáré dàgbà, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ṣútà, a máa gbé àwọn kékeré mì.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ó ń sin ẹja wúrà nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra. Ẹja wúrà, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn láti ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ, ní ìpẹ́. Bí ìpẹ́ rẹ̀ bá nàró, àìsàn ni. Bí ó bá ń yanu lójú omi láìdúró, afẹ́fẹ́ kò tó o. Ẹja àrọ̀ ní tirẹ̀ a máa jáde gba afẹ́fẹ́, kí ó sì padà wọlẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á ni ẹja ti ń kú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Adágún onísìmẹ́ńtì tuntun tí a kò rẹ, tí a kò sì fọ̀ dáadáa, a máa pa ẹja. Omi ẹ̀rọ tí a fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lójú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí sì ti fi hàn pé ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń ba omi odò Atùwàrà jẹ́ ní agbègbè yìí. Kò yẹ kí a bu irú omi bẹ́ẹ̀ sí adágún. Ṣùgbọ́n bí olùrà tilẹ̀ tún omi ṣe tó, ẹja tí ó ti ń kú lọ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà, àwíjàre yìí fi kún iṣẹ́ olùrà ni; kò gba yíyàn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọlọ́jà kì í fẹ́ kí a yẹ ẹja wò. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí a wo ọjà rẹ̀ ti sọ irú ọjà tí ó ń tà. Kí a kí i pé ó kú ọjà, kí a sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ìparí, mo rọ gbogbo ẹni tí ó fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n tún omi ṣe ṣáájú, kí wọ́n lọ rajà ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kí wọ́n sì fi sùúrù yan ọmọ ẹja. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ nípa ẹja nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ bá àwọn òbí yín lọ. Ojú yín ríran ju tiwọn lọ, ìmọ̀ tí ẹ sì ní lè gba owó ìfẹ̀yìntì bàbá yín lọ́wọ́ òfò.