Ẹ San Owó Apọ́nṣéènì, Ṣùgbọ́n Ẹ La Ojú Yín Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará inú igbó nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ta pákó wà nínú yín. Ẹni tó jogún oko kòkó bàbá rẹ̀, tí igi ńlá wó lu àárín rẹ̀, wà nínú yín. Ọ̀gá ilé-ìwé tí igi ògbólógbòó kan dà gẹ̀rẹ̀ sórí kíláàsì rẹ̀ náà wà nínú yín. Gbogbo yín pátá lẹ máa ń ní ìdí láti ránṣẹ́ pe ẹni tó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ṣéènsọ̀.

Ìyá kan tí ń ta pákó, tó sì ní ṣéènsọ̀ méjì tó fi lé àwọn ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ nínú igbó, ló fa ọ̀rọ̀ náà yọ fún mi. Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ tí o máa ń kọ̀wé, bá mi dá ẹjọ́ yìí. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí po báyìí, àwọn ọmọ yìí á dé: ‘Màmá, owó ìpọ́nṣéènì.’ Ṣé ṣéènì ni wọ́n ń pọ́n ni, àbí àpò mi? Ṣebí fáìlì ń bẹ lọ́jà. Kí ló dé tí wọn kò lè rà á, kí wọ́n máa fi pọ́n ọn fúnra wọn?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jàre lápá kan, ẹ jẹ̀bi lápá kejì.” Èmi kì í ṣe lagilagi o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdáhùn tí mo fún ìyá yẹn ni mo fẹ́ fún gbogbo yín lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń gé igi. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kò ju kó máa fa ṣéènì yí po lọ. Eyín ara ṣéènì ló ń jẹ igi. Eyín kan kọjú sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé e kọjú sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò lọ títí. Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan yọ sókè bí orí ìka. Ìka irin yìí rẹlẹ̀ díẹ̀ ju eyín lọ, òun ló sì ń díwọ̀n bí eyín yóò ṣe bu igi jẹ tó. Díẹ̀ tí mo wí yìí kéré púpọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ṣéènì, kò ju mílímítà 0.5 sí 0.8 lọ. Ẹ wá rò ó wò: ṣé ohun tó kéré tó báyìí ni ẹni tí ń kánjú yóò fi ojú lásán wọ̀n?

Kì í ṣe báyìí ni ṣéènì rí látilẹ̀wá. Ti àtijọ́ ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó bíi ti ayùn àfọwọ́fà, àwọn agégi a sì máa lo àkókò púpọ̀ nídìí pípọ́n ọn. Ní 1946, agégi kan tó ń jẹ́ Joseph Buford Cox, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí ìdin kòkòrò kan nínú igi. Ìdin náà ń jẹ igi líle bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Ó wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ó ń jẹ lọ sọ́tùn-ún, ó ń jẹ lọ sósì. Ó lọ rọ irin ní àwòrán ẹnu ìdin yẹn, nígbà tó sì di 1947, ó ti ń tà á. Ẹ̀yà ṣéènì tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọ̀tún àti òsì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa wà.

Kí ló ń jẹ́ kí ṣéènì kújú? Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń gé arère lè gé e pẹ́ kó tó ráhùn, nítorí igi rírọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìrókò yàtọ̀. Òkúta funfun máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn, ó fara pamọ́ sínú igi, eyín irin á sì kọlù ú lójijì. Igi tí wọ́n wọ́ nílẹ̀ láti inú igbó, yanrìn á há sínú èèpo rẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ ilé, ìṣó tí àwọn ọmọdé kàn mọ́ ọn lára lọ́dún gbọọrọ lè wà nínú rẹ̀. Bí ṣéènì bá sì fẹnu kan ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, mímú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí kò fọwọ́ kan ṣéènsọ̀ rí pàápàá lè mọ èyí tó ti kújú. Ẹ wo ohun tí ń tú jáde lára igi. Bó bá jẹ́ èérún igi tó nípọn ló ń fò jáde, ṣéènì mú. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú ni, ó ti kú. Ẹ wo ẹni tí ń gé e: bó bá ń fi gbogbo ara tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó ti kú. Bí òróró ṣéènì bá wà nínú rẹ̀ tí èéfín sì ń rú níbi tó ń gé, ó ti kú. Bí ojú ibi tó gé bá sì ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀nà ejò, eyín ọ̀tún àti ti òsì kò dọ́gba mọ́.

Àìdọ́gba yìí gan-an ni owó apọ́nṣéènì ń wò sàn. Ọmọkùnrin tó jókòó sórí kùkùté nínú igbó, tó ń fi fáìlì pọ́n ṣéènì, ọwọ́ rẹ̀ máa ń le lápá kan ju èkejì lọ. Lónìí kò hàn. Lọ́la kò hàn. Nígbà tó bá pọ́n ọn tó ìgbà bíi mélòó kan, eyín ọ̀tún á ti kúrú, ti òsì á sì gùn. Apọ́nṣéènì tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fọ oje igi kúrò lára ṣéènì. Á wá eyín tó kúrú jù, á sì mú gbogbo ìyókù bá a dọ́gba. Á pọ́n wọn ní ìgun kan náà, èyí tí í máa ń jẹ́ dígírì 30 lára ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà á fi irin ìwọ̀n wo ìka irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á rẹ́ èyí tó bá ga jù. Á sì wo gbogbo oríkèé ṣéènì bóyá ó ti sán níbì kan. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ká gbé fún ẹlòmíràn ń bẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìpọ́n oníná sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ yẹn yára, bó ṣe yára yẹn náà ló ṣe lè bàjẹ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín pẹ́, ooru á ba irin náà jẹ́, yóò sì jẹ èyí tí kò yẹ kó jẹ kúrò lára rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ẹ wo àwọ̀ eyín: bí ó bá ti dúdú tàbí tó ní àwọ̀ aró, ó ti jóná. Èkejì, ẹ fi eyín ọ̀tún wé ti òsì, kí gígùn wọn dọ́gba. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ṣéènì sí oòrùn: bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń dán létí eyín, ibẹ̀ ṣì kújú. Ẹ̀kẹrin, ẹ bi í léèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ wo ìka iwájú eyín?” Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá wa ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní owó ìpọ́n lẹ́ẹ̀kan jẹ́ náírà kan, tí ṣéènì tuntun jẹ́ náírà mẹ́wàá. Apọ́nṣéènì rere ń rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n ṣéènì kan nígbà 10 kó tó gbó. Owó tó jáde jẹ́ náírà 20, ìgbà tí a sì fi mímú rẹ̀ ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ti ìgbà tó wà ní tuntun, jẹ́ 11. Ìgbà kan kò tó náírà méjì. Ẹnìkejì ń jẹ eyín run, ṣéènì gbó lẹ́yìn ìpọ́n mẹ́ta. Náírà 13 fún ìgbà mẹ́rin: ìgbà kan lé ní náírà mẹ́ta. Bí ẹnìkejì yìí bá tilẹ̀ pọ́n ọn lọ́fẹ̀ẹ́, náírà 10 fún ìgbà mẹ́rin ni, ó ṣì wọ́n ju ti ẹni tó gbowó lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rí i pé ọ̀fẹ́ lè wọ́n ju rírà lọ.

Ṣé kí fáìlì wá di ohun à ń sọ nù ni? Rárá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ní fáìlì róbótó tirẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣéènì mu. Mílímítà 4.0, 4.8, 5.2 àti 5.5 ló wọ́pọ̀, ìwé tó bá ṣéènì wá á sì sọ èyí tó yẹ. Nígbà tó bá ń sinmi láti da epo sí i, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi fáìlì ti eyín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, láti inú síta nìkan, kí iye rẹ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí á mú kí ṣéènì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ apọ́nṣéènì. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọlu òkúta tàbí ìṣó, tàbí tó ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má wulẹ̀ fi fáìlì jà. Kó gbé e lọ.

Fún ìyá wa tí ń ta pákó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó ra ṣéènì méjì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi ọ̀dà pupa kun ojú oríkèé kan lára èkíní, kí ó fi funfun kun ti èkejì. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí pupa lọ fún ìpọ́n àti ọjọ́ tí funfun lọ. Kí àwọn ọmọ náà sì máa gbé ṣéènì wá kó fojú rí i kí owó tó jáde. Ọ̀pọ̀ ṣéènì ní ìlà kékeré tí wọ́n fín sára eyín láti fi ibi tí yóò gbó dé hàn. Bí ìpọ́n bá dé ìlà yẹn, tuntun ló kù. Báyìí, kò sẹ́ni tí yóò rẹ́ ẹ jẹ, kò sì ní fi ẹ̀sùn kan ọmọ olóòótọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ṣéènì tó kújú ń fi dandan mú ọmọ ènìyàn tẹ ẹ̀rọ, ó ń rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tó bá sì ti rẹ̀ lè yọ̀. Èyí tí wọ́n rẹ́ ìka irin rẹ̀ jù ńkọ́? Ìyẹn a máa há igi mú gbágbá. Bí igun òkè ṣóńṣó irin ẹ̀rọ náà bá sì fara kan nǹkan, ẹ̀rọ lè ta padà sókè kọjú sí ẹni tó dì í mú, kó tó ṣẹ́jú. Apá, ejìká, ọrùn, ibẹ̀ ló ń bá. Ẹni tó bá ń ṣahun owó ìpọ́n, kó ronú nípa ọmọ ọlọ́mọ tó gbé ẹ̀rọ náà dání. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, bí ẹ bá pe agégi, ẹ ní kó fi ṣéènì rẹ̀ hàn yín kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó di ọjọ́ tí àwọn ọmọ kò wá sí ilé-ìwé. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú ni ẹ rí tó ń jáde, ẹ dá a dúró. Ẹ ní kó lọ pọ́n ṣéènì rẹ̀ wá.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún tọ̀sẹ̀ yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi owó ra ìpalára o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.