Ṣí eVisa Rẹ, Ṣí I Lónìí!

Ìwọ tó ń gbé ní Peckham, ìwọ tó wà ní Dagenham, ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Manchester, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ọjọ́ wo ni físà rẹ máa parí?

Má wo káàdì físà inú pọ́ọ̀sì rẹ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀, bí físà kò tilẹ̀ parí lọ́jọ́ náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú eVisa rẹ, ni òótọ́ wà báyìí. Lọ wò ó.

Bí ìwé ìbéèrè rẹ bá dé ọ̀dọ̀ Home Office kí físà tó parí, ẹ̀tọ́ rẹ kò já. Wàá máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá lórí rẹ pẹ́nrẹ́n láìkọ̀wé, o ti di ẹni tí kò ní ìwé. Ọjọ́ kan péré!

Ọ̀gá rẹ kò ní dúró tì ọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, owó ìtanràn ẹni tó bá gba aláìníwèé síṣẹ́ lè tó 45,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan. Bí wọ́n bá tún mú un, ó lè di 60,000. Onílé náà yóò béèrè ìwé. Báńkì yóò béèrè.

Ìwọ tó ti pé ọdún 5 lórí físà iṣẹ́ ńkọ́, tí o kò tọrọ sítéè, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé níbí títí láé? O ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. O ní ilé lò ń lọ. Ọdún wo? Mo ti gbọ́ “ilé ni mò ń lọ” lẹ́nu àwọn tó hewú síbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọdún 5 yẹn di 10 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. O sì jókòó!

Rántí àwọn ará Karíbíánì tí ọ̀rọ̀ wọn gba ìlú kan ní ọdún 2018. Wọ́n ti dé Ìlú Ọba ṣáájú ọdún 1973. Wọ́n ní ẹ̀tọ́. Ìwé ẹ̀rí ni wọn kò ní. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn kan kò rí ìtọ́jú gbà nílé ìwòsàn. Ìjọba ti àwọn kan mọ́lé, ó sì kó àwọn kan padà sí ìlú tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí o!

Má rò pé ọmọ tí o bí síbí á kàn gbà ọ́. Láti ọdún 1983, ọmọ kì í di ọmọ onílùú nítorí pé ibí ni wọ́n bí i sí, àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ti gba sítéè nígbà náà.

Bùrọ́dá tó ní òun mọ ènìyàn ní Home Office, sá fún un. Bí ó bá ki ayédèrú ìwé bọ inú kéèsì rẹ, ìwọ ni wọ́n lè fòfin dè kí o má wọ Ìlú Ọba fún ọdún 10. Lọ́yà tó forúkọ sílẹ̀ ni kí o wá lọ.

Má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, ṣí eVisa yẹn kí o tó sùn lálẹ́ òní.