Ọmọ Sókótó tó ṣe méyọ̀ ní Enugu

Ní 1952, ìlú Enugu fi Fúlàní ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú. Málàmù Umaru Altine lorúkọ rẹ̀, Sókótó ló ti wá, ẹgbẹ́ NCNC ló sì ń ṣe. Nígbà tó di 1956, òun náà ló di méyọ̀ àkọ́kọ́ ní olú-ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, láàárín àwọn Ìgbò.

Yorùbá kì í sábà sọ ìtàn yìí. Èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n sọ ni ti Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò tó wọlé ìbò l'Ékòó ní 1951, tí wọ́n dínà ilé aṣòfin àpapọ̀ mọ́ ọn n'Íbàdàn, tó wá lọ di olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn ní 1954. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà lòun àti Altine jọ ń ṣe.

Èédú ló kó àlejò wá sí Enugu. Láti 1915 ni wọ́n ti ń wà á. Rélùwéè tẹ̀ lé e, Haúsá oníṣòwò dé, akọ̀wé Yorùbá náà dé. Ẹni tó bá sì ti inú ihò èédú jáde nírọ̀lẹ́, dúdú lojú gbogbo wọn, ta ni yóò mọ ìran ẹnìkan?

Lónìí ńkọ́? Ká ní ọmọ Iléṣà kan ti fi ogún ọdún gbé Maryland, ti Enugu o, kì í ṣe ti Ìkẹjà. Ó ń san owó-orí níbẹ̀, èdè Ìgbò làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bú ara wọn bí wọ́n bá ń jà. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò ní kó má du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀. Ipò mínísítà ni òfin yẹn ti ń béèrè ọmọ onílẹ̀. Ti aṣòfin, ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí àti ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń wò. Níbi ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti máa já a sílẹ̀: "Ọmọ ibo tiẹ̀ ni?"

Kí Yorùbá má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, Rita Orji, ọmọ Ìgbò, wọlé sílé aṣòfin àpapọ̀ láti Ajeromi-Ifelodun l'Ékòó ní 2015 lábẹ́ PDP. Ṣùgbọ́n ní 2023, ọ̀rọ̀ pé Ìgbò ni ìyá Gbadebo Rhodes-Vivour ni wọ́n gbé lé e lórí nígbà tó fẹ́ ṣe gómìnà Èkó, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkó ni baba rẹ̀. Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ́ òṣèlú ló yẹ ká kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ní Enugu àti l'Ékòó. Kò sí òfin tó fi tipátipá gbé Altine wọlé. Àwọn Ìgbò ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tì í lẹ́yìn.